Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún Ni Mo Kú ní Adó

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ kú. Ọ̀sán gangan ni, lẹ́yìn ilé kan ní Adó-Èkìtì, májèlé ni wọ́n sì ní mo jẹ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè nínú ẹ̀kọ́ eré ìtàgé ní yunifásítì ni. Mo ti há ọ̀rọ̀ ọba àti ti adájọ́ sórí, mo ń retí ẹni tí yóò ní kí n sọ ọ́. Olùdarí fíìmù ní kí n ṣubú, kí n má mira. Èèrà kan gun etí mi, ó gba orí ìpéǹpéjú mi kọjá, ó yà sí imú. N ò mira. Nígbà tí olùdarí ní ó tó, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, inú èmi òmùgọ̀ sì dùn. N kò mọ̀ pé èèrà yẹn ti bá mi yan iṣẹ́ ayé mi.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ipa mìíràn fún mi àfi òkú. Ọkọ̀ gbá mi, ọmọ ìyá mi yìnbọn fún mi, ilé wó lù mí. Mo ní àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n fi jẹ mí níyà. Wọ́n ṣèlérí ipa lọ́yà fún mi, wọ́n gbé e fún àna olùdarí, ẹni tí kò lè sọ gbólóhùn mẹ́ta láìwo ilẹ̀. Èmi ni wọ́n fi ṣe ẹni tí wọ́n pa, tí lọ́yà yẹn ń rojọ́ lé lórí. Wọ́n gbé mi sínú pósí tó kúrú, wọ́n ní kí n ká eékún, àfi bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi gíga mi. Ní ìparí fíìmù, níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ àwọn òṣèré, "Òkú" ni wọ́n kọ síwájú tèmi.

Lọ́jọ́ kan ní Ọjà Ọba, oníṣu kan rí mi lọ́ọ̀ọ́kán.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, òkú àná. Ṣé wọn kì í jẹun lọ́hùn-ún ni?"

Mo ní, "Màmá, yunifásítì ni mo ti kọ́ṣẹ́ yìí o."

"Yunifásítì ló kọ́ yín ní ikú? Wọ́n gbìyànjú."

Ẹ̀rín àwọn ọlọ́jà sìn mí dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà wà.

Gbogbo èyí, mo lè gbé e mì. Ti ìyá mi ni kò ṣeé gbé mì. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ń gbé ní Igbemọ, èmi nìkan lọmọkùnrin rẹ̀. Nílẹ̀ wa, òbí kì í fojú kan òkú ọmọ rẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú fíìmù, àwọn ìyàwó ilé á dìde: "Màmá, ó yá o." Wọ́n á mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á máa bó ẹ̀gúsí níbẹ̀ títí wọ́n á fi sin mí tán.

"Mo mọ̀ pé eré ni," ó sọ fún mi. "Ojú ni kò mọ eré. Ṣé mo máa rí fíìmù rẹ ẹyọ kan débi ìparí kí n tó lọ?"

Mo jókòó, mo tẹ ìwé ẹ̀sùn olójú ewé méjì, ẹ̀sùn méje, mo gbé e lọ bá olùdarí. Ó kà á, ó ní, "Gírámà yìí pọ̀ jù fún òkú."

"Ọ̀gá, n ò wá ṣeré. Ìyá mi ni."

Ó dá ìwé náà padà fún mi. Lẹ́yìn náà ló ṣèlérí ipa ọ̀gá iléèwé kan fún mi, ẹni tí kò ní kú. Ó ní kí n fá irùngbọ̀n tí mo ti ń tọ́jú láti yunifásítì. Mo fá a.

Nígbà tí fíìmù náà jáde, mo gbé e lọ sí Igbemọ. Ìyá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ará ilé kún pálọ̀. Mo wà láàyè títí ó fi kù díẹ̀ kó parí. Àfi bí wọ́n ṣe ní ọkọ̀ ọ̀gá iléèwé ti gbókìtì, ni mo bá rí ara mi nínú pósí. Olùdarí ti gé òkú mi látinú fíìmù àtijọ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Kí n tó dìde, àwọn ìyàwó ilé ti di ìyá mi lápá mú.

"Ẹ fi mí sílẹ̀." Ó ti tún awò ojú rẹ̀ ṣe, bí ẹni tó ń máàkì ìwé. "Ọ̀gá iléèwé tí à ń wò bọ̀ kò nírùngbọ̀n. Eléyìí nírùngbọ̀n rẹpẹtẹ. Òkú ẹlòmíì nìyí."

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Màmá, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ jọ..."

"Ojú ń jọra. Ẹ kúrò níwájú mi."

Ó wò ó títí orúkọ fi tò tán, ó sì pàtẹ́wọ́. Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni kò dá mi mọ̀, n kò sì bi í.

Iléèwé ni mo ti ń kọ́ni báyìí ní Adó. Ìyá mi ti lọ, ó dàgbà kó tó lọ. Lọ́jọ́ tí a sin ín, èmi ni mo dúró létí sàréè tí mo da iyẹ̀pẹ̀ sí i, bó ṣe yẹ kó rí láàárín ọmọ àti ìyá. Olùdarí wá. Ó wò mí títí.

"N ò mọ̀ pé o lè dúró báyìí."

"Ẹ ò ní kí n dúró rí ni."

Ìwé ẹ̀sùn mi ṣì wà nínú fáìlì, ẹnikẹ́ni kò tíì fèsì sí i. Mo fi ti òkú onírùngbọ̀n yẹn ṣe ẹ̀sùn kẹjọ lálẹ́ ọjọ́ tí a wo fíìmù náà. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, mo mú bírò, mo fi ìlà pa ìkẹjọ yẹn rẹ́.