Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Tí Màmá Fi Joyè ní Kabong

Láàárọ̀ yìí, ọmọ ọmọ mi kékeré ké mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin nídìí omi: “Haba! O ti ń dọ́mínéètì mi jù!” Ẹ̀rín pa mí débi pé tíì dà sí mi lára. Ìjà lọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ fún ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí. Ní Kabong tiwa, nínú Jọ́ọ̀sì yìí, oyè ni.

Ìyá àgbà Músílíù ọ̀rẹ́ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ni ilé tí a háyà. Ará Ìlọrin ni wọ́n, wọ́n ń ta ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n sì so kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi ilé mọ́ ọrùn bíi tírà. Ọyẹ́ Jọ́ọ̀sì ayé ìgbà náà, bí o bá kí èèyàn láàárọ̀, ìkíni á dì sójú afẹ́fẹ́, ó dìgbà tí oòrùn bá yọ́ ọ kó tó dé etí ẹni tí o kí. Ohùn Màmá nìkan ni kì í dì. Bàbá Músílíù, ọmọ wọn, ọkùnrin gìrìpá, kì í jókòó níwájú wọn àfi tí wọ́n bá ní kó jókòó.

Ni Màmá bá pàṣẹ pé kí Músílíù lọ máa gbé lọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ìlọrin, kó kọ́ aṣọ híhun. Bàbá rẹ̀ ò fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Músílíù tó jẹ́ pé Haúsá ló fi ń lálàá! Oúnjẹ ò wọ̀ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà wa, tóun náà háyà yàrá lọ́dọ̀ Màmá, kọ́ wa ní dọ́mínéètì. Ó ní kí ẹnìkan máa jẹ gàba lé àwọn yòókù lórí ni, àti pé ìwà burúkú ni. Músílíù gbé ìbínú délé, ó dúró láàárín àwọn oníbàárà:

“Màmá, ẹ̀ ń dọ́mínéètì gbogbo wa!”

Màmá gbójú sókè nídìí ànàmọ́ wọn.

“Kí ló túmọ̀ sí?”

“Pé… abẹ́ yín la wà. Ẹ ní ká jókòó, a jókòó. Ẹ ní ká dìde, a dìde. Bàbá mi pàápàá.”

Màmá ju ànàmọ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. “Òyìnbó mọ̀ mí tó báyìí? Tún un pè, ọkọ mi.”

Ó tún un pè. Oníbàárà Haúsá kan tẹ̀ ba, ó kí wọn bí wọ́n ṣe ń kí ọba: “Ranki ya dade!” Màmá rẹ́rìn-ín títí kọ́kọ́rọ́ fi ń jó láyà wọn.

Lọ́jọ́ ìrìn àjò Músílíù, Màmá ní, “Ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Bó bá lọ, ta ni yóò máa fi òyìnbó kì mí?”

Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá kì Màmá ní dọ́mínéètì kò ní fojú kan omi. Tíṣà náà kì wọ́n, tòun ti garawa lọ́wọ́.

Màmá ti lọ. Músílíù náà ti lọ, Jọ́ọ̀sì yìí ló sì sùn sí. Kálukú ti ní omi tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn mọ́.

Mo dìde, mo gbé ike omi lọ bá ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń pariwo mọ́. Mo tẹ̀ ba díẹ̀, mo kì í bí a ṣe ń kì Màmá. Ó wò mí bíi wèrè. Ṣùgbọ́n tèmi ló kọ́kọ́ pọn.