Ọmọ Mi Kọjú sí Ìwọ̀-Oòrùn

Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni ní Ìwó, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni pé ṣé ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ìlú àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni tiwa, òkun jìnnà sí wa. Èmi fúnra mi, télọ̀ ni mí. Aṣọ ilé-ìwé àti jàlàbíà ni mò ń rán, mi ò sì wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Ìdí nìyí tí ìbéèrè mi fi ń pọ̀. Ohun tí mi ò bá lè fi téèpù wọ̀n, mo máa ń fura sí i.

Ìdí ẹ̀rọ ni ọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, nínú ọkọ̀ tó ń gbé epo. Ó ti kàwé rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n wọn kì í fún ènìyàn ní sátífíkéètì tó pé àfi bó bá ti lo àkókò tó tó lórí òkun. Àkókò yẹn ló ń wá. Ejẹ́ńtì kan ní Èkó ló bá a rí ọkọ̀ náà, ọkàn mi ò sì gba ejẹ́ńtì yìí láti ọjọ́ tí mo ti rí i. Ó máa ń rẹ́rìn-ín kí ènìyàn tó sọ̀rọ̀ tán. Mo bi í pé àsíá orílẹ̀-èdè wo ló wà lórí ọkọ̀ náà, ó dárúkọ erékùṣù kan. Nígbà tí mo tún bi í lórí fóònù, ó dárúkọ òmíràn. Mo sọ fún ọmọ mi. Ó ní kò sí nǹkan níbẹ̀, pé ọkọ̀ lè pààrọ̀ àsíá bí ènìyàn ṣe ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Mo ní ẹni tó bá ń pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù lemọ́lemọ́, ó ní ẹni tó ń sá fún.

Ìyá rẹ̀ ní kí n jẹ́ kó lọ. Ó lọ.

Nígbà tó yá, rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà omi Họ́músì, ọ̀nà tóóró kan tó wà láàárín ilẹ̀ Iran àti ilẹ̀ Oman, tí epo púpọ̀ ń gbà kọjá. Wọ́n ní wọ́n ti dí i. Wọ́n ní ọkọ̀ ogun ń dá àwọn ọkọ̀ epo dúró, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ń gbé àwọn mìíràn lọ. Mo ṣí ìwé máàpù tí mo lò ní ilé-ìwé girama. Ẹnu ọ̀nà omi náà kò tó èékánná mi.

Mo bi ọmọ mi pé ibo ni wọ́n wà. Ó ní àwọn dúró sí Mombasa, àwọn ń retí àṣẹ. Mo pe ejẹ́ńtì, ó ní wọ́n dúró sí Mombasa, wọ́n ń retí àṣẹ. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì dọ́gba jù lójú mi, bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ sórí. Ṣùgbọ́n mo wo Mombasa lórí máàpù, mo rí i pé ó jìnnà sí ibi ìjà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó pè mí lórí fídíò. Ìrun Alásárì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé lọ́dọ̀ wa, oòrùn sì ti wọ̀ lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun kírun ìrọ̀lẹ́ ná. Mo ní kó má pa fóònù. Ó fi í ti ara nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń wò. Pupa oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, ọmọ mi sì kọjú sí i gan-an.

Gbogbo mọ́ṣáláṣí tí mo ti kírun rí, láti Ìwó dé Ilé-Ogbó dé Kuta, ẹ̀yìn la ń kọ sí ibi tí oòrùn ń wọ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọmọ yìí ti pa ìrun tì, pé nítorí ojú mi nìkan ló ṣe ń dọ̀bálẹ̀ kiri níbi tó bá ṣáà ti rí. Bó ṣe sálámà tán, mo bi í pé ta ló kọ́ ọ láti máa kọjú sí ìwọ̀-oòrùn kírun.

Ó wo ẹ̀gbẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Mo ṣì í ṣe ni."

Lẹ́yìn náà ló ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ó sì pa fóònù.

Mo gbé ìbínú mi tọ ìyá rẹ̀ lọ. Ó jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Òun pẹ́ jù mí lọ ní ilé-kéwú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá àwọn ọmọ, ṣé oòrùn ni wọ́n ń kọjú sí ni, àbí Mẹ́kà?"

Mo ní ìlà-oòrùn ni Mẹ́kà wà.

"Ti àwa tá a wà ní Ìwó nìyẹn. Ẹni tó bá ti kọjá Mẹ́kà lọ sí ọ̀hún ńkọ́? Ṣé kò ní yíjú padà ni?"

Ó tún ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wò mí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo gbé ìwé máàpù wá, mo fi rúlà lé e. Láti Mombasa, òkè tààrà ni Mẹ́kà wà. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n wà lóòótọ́, ọwọ́ òsì ọmọ náà ni pupa oòrùn ìbá wà. Mo wá fi rúlà lé Mẹ́kà, mo fà á lọ sí apá ìlà-oòrùn. Ó la ilẹ̀ Lárúbáwá já, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu Họ́músì.

Ohun tó dùn mí ju rúlà lọ ni pé ọmọ yẹn kì í gba ẹ̀bi. Láti kékeré, èyí tó jẹ̀bi rẹ̀ pàápàá, àríyànjiyàn ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó gba ẹ̀bi ohun tó ṣe dáadáa, kí n má baà bi í ní ìbéèrè tó kàn.

Mo pe ejẹ́ńtì. Mo bi í pé ní Mombasa, ibo ni àwọn Mùsùlùmí ń kọjú sí bí wọ́n bá ń kírun.

"Alhaji, èmi ń bá wọn wá òṣìṣẹ́ ni o. Èmi kọ́ ni lèmọ́mù ọkọ̀."

Mi ò tíì lọ Mẹ́kà, ṣùgbọ́n ní Èkó, ẹni tó bá ti dé fìlà, Alhaji ni. Mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ẹ̀rín rẹ̀ parí. Ó ní ọ̀rọ̀ ibi tí ọkọ̀ wà jẹ́ àṣírí ilé-iṣẹ́, kí n má máa sọ ọ́ káàkiri ìlú. Ó tún ní ọmọ tó bá sọ̀kalẹ̀ láàárín ìrìn-àjò, kò sí ọkọ̀ tí yóò tún gbà á. Bẹ́ẹ̀ mi ò tíì dárúkọ sísọ̀kalẹ̀ rárá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá lọ́yà kan tó ní ọ́fíìsì ní Odò-Orí, obìnrin kan tí mo máa ń bá rán aṣọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ òkun kì í ṣe iṣẹ́ òun, ó sì pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó tó ń ṣe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, kó tó yíjú sí mi. Ó ní bí wọ́n bá ti kéde pé wọ́n dí ọ̀nà omi kan, ọkọ̀ tó bá gbìyànjú láti kọjá, wọ́n lè gbà á pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì máa dúró de ilé ẹjọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní òfin tiwọn fún irú ibẹ̀. Ọkọ̀ tó bá lọ láì sọ fún wọn, tàbí tó pa ẹ̀rọ tó ń fi ibi tó wà hàn, wọ́n lè ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Bí àsíá rẹ̀ bá sì jẹ́ ayédèrú, kò sí ìjọba tí yóò ní tòun ni. Mo bi í pé ọmọ mi ńkọ́. Ó ní lábẹ́ òfin tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ gidi ń tẹ̀ lé, òṣìṣẹ́ lè ní òun kò bá wọn lọ sí ibi ogun, ẹni tó ni ọkọ̀ ni yóò sì san owó tí yóò fi padà sílé.

"Ṣùgbọ́n kó tó wọ inú omi yẹn ni o, Bàbá. Bó bá ti wọlé, ẹ̀bẹ̀ ló kù."

Nígbà tí ọmọ náà tún pè, èmi àti ìyá rẹ̀ jọ jókòó ti fóònù. Mi ò pariwo. Mo ní, "Ẹnu Họ́músì lo wà."

Ó bèèrè pé ta ló sọ fún mi. Mo ní òun náà ni, ìrun rẹ̀ ni. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì wá fi ọwọ́ nu ojú.

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ti kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má sọ fún ará ilé. Wọ́n ti pa ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn. Wọ́n ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá wọn yóò wọlé, gbogbo àwọn tó kù ti gbà, òun nìkan ni kò tíì dáhùn. Àkókò tó kù fún òun láti gba sátífíkéètì kò sì pọ̀ mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi parọ́ fún mi.

"Bí mo bá sọ òótọ́, Bàbá, ẹ ó ní kí n sọ̀kalẹ̀."

"Sọ̀kalẹ̀."

"Ṣé ẹ wá rí i?"

Mo sọ ohun tí lọ́yà wí fún un. Mo ní kó bi ọ̀gá rẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ adójútòfò wo ló gbà láti dáhùn fún wọn nínú omi yẹn, àti pé bí wọ́n bá mú wọn, orílẹ̀-èdè wo ni yóò bèèrè wọn. Mo tún fẹ́ pàṣẹ, ni ìyá rẹ̀ bá gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Níwájú gbogbo wọn ni kó o ti bi í. Má lọ dá a bi í ní kọ̀rọ̀."

Ibi oúnjẹ ló ti bèèrè. Ọ̀gá ọkọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ń bójú tó o. Ọmọ mi ní kó dárúkọ wọn. Kò rí orúkọ dá. Ọmọ mi ní òun kò wọlé, ẹni tó ń se oúnjẹ fún wọn sì ní òun náà kò lọ mọ́. Wọ́n fi ọkọ̀ kékeré gbé àwọn méjèèjì lọ sí èbúté. Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ejẹ́ńtì kò gbé fóònù mi mọ́, títí lọ́yà wa àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi fi òfin halẹ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi padà sílé.

Ọkọ̀ náà wọlé. Wọ́n dá a dúró. Ohun tí ọmọ mi ń gbọ́ láti ẹnu àwọn tó kù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó gbà á ń pè é lẹ́jọ́, ilé-iṣẹ́ méjì sì ń tì í síra wọn lọ́wọ́, kálukú ń ní kì í ṣe tòun. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi kò sọ pé mo ṣe òun lóore, èmi náà ò sì bèèrè.

Ejẹ́ńtì mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó ba ọmọ mi jẹ́ lójú gbogbo àwọn ejẹ́ńtì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọkọ̀ tó gbà á. Ọmọ mi dúró ní Ìwó, ó ń bá wọn tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, ó lọ títí dé Olúpọ̀nnà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òkun ti parí. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà mi, ó ní òun ti rí ọkọ̀ mìíràn, òun fúnra òun ló wá a. Ó sọ àsíá rẹ̀ fún mi. Ó sọ àwọn tó dúró fún un bí ewu bá ṣẹlẹ̀. Ó ní wọn yóò gba Òkun Pupa kọjá, pé ọ̀nà omi tóóró kan wà ní ẹnu rẹ̀, àti pé ibẹ̀ náà kò fara rọ tán.

Mo bi í ní gbogbo ìbéèrè tí mo mọ̀. Ó ń dáhùn kí n tó bèèrè tán. Mo wá ibi tí màá ti mú irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mi ò rí i, ẹ̀rù sì tún bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò.

"Mo ti rò ó, Bàbá. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni."

Mo gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Mo bi í pé ọjọ́ wo ló ń lọ. Ó sọ ọ́ fún mi. Mo ní kó lọ pe ìyá rẹ̀ wá.