Ojúgun Ràímì

Òórùn kajú tó já bọ́, tó sì ń jẹrà lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé mi, ló dá mi jókòó sórí àpótí láàárọ̀ yìí, tí ẹ̀kọ mi fi tutù sí mi lọ́wọ́. Òórùn náà dùn, ó kan, ó sì ní ikú díẹ̀ nínú. Òun náà ni mo gbọ́ lọ́jọ́ tí Ràímì, ọ̀rẹ́ mi, gbé kajú kan tó ti ń jẹrà sún mọ́ ojú mi ní Ẹ̀sìẹ́, nígbà tí a ṣì kéré, tó ní, "Wò ó dáadáa. Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Mo wò ó. Àárín ti dúdú, ó ń dán. Ibi tó yí i ká pọ́n bí epo tó ti pẹ́ nínú ìgò, etí rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò, bíi pé ó ń yọ́ rìn lọ sára ibi tí kò tíì bàjẹ́. "Àárín ló ti ń ràn jáde," mo wí. Láti ọjọ́ náà ni àwọ̀ ohun tó ń jẹrà ti mú mi, kò sì fi mí sílẹ̀ mọ́.

Ère amọ̀ ni èmi àti Ràímì máa ń mọ, èyí tí kò ga ju ìka àárín lọ. Ìlú wa ní ère òkúta tí àlejò ń wá wò. Tiwa jẹ́ ọmọ ogun iwin, òkú tó dìde wá jà. Ìyá àgbà Ràímì ló ń mọ ìkòkò, amọ̀ tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni tiwa. Lọ́jọ́ tó bá máa sun ìkòkò, á ki àwọn iwin wa sáàárín wọn, á sì máa ráhùn: "Bí ìkòkò mi bá fọ́ lónìí, ẹ̀yin ọmọ yìí, iwin yín ni màá gbé lọ sọ́jà!"

Owó epo rọ̀bì wà nílùú nígbà náà. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Èkó ń wálé wá kọ́lé, àwọn tó ń kun ilé sì máa ń ju agolo ọ̀dà sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́kù nídìí rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ la fi ń kun iwin wa. Nígbà tí a fẹ́ kí ẹran ara wọn máa dán bí ohun tó tutù, a fi epo pupa pa wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, èèrà ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ràímì rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. "Ẹ̀rí ti dé o! Èèrà gan-an gbà pé òkú ni!" Lẹ́yìn ìyẹn la wá ń lo oje igi kajú. Ó ń dán, èèrà kì í sì í bá a ṣe.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan le. Ilé táwọn ará Èkó ń kọ́ dúró láìní òrùlé, agolo ọ̀dà di àwátì. A yíjú sí efun, osùn, aró àti èédú, àbùkún ló sì jẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín, torí ọ̀pọ̀ ló ń ṣì í ṣe: ẹran tó ń jẹrà kì í ṣe pupa. Efun la ń kọ́kọ́ fi tẹ́ ẹ. Omi osùn fẹ́ẹ́rẹ́ á tẹ̀ lé e, á gbẹ, a ó tún fi òmíràn lé e. Aró bíńtín ló ń sọ etí rẹ̀ di elésè àlùkò. Èédú lílọ̀ kì í kọjá àárín.

Ojúgun Ràímì ló kọ́ mi ní gbogbo èyí. Ọkọ́ ṣá a lóko iṣu bàbá rẹ̀. Egbò kékeré ni, ṣùgbọ́n ó kọ̀, kò jinná. Oògùn kò sí nílé ìwòsàn. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n lọ rà á níta, níta náà kò sí. Ràímì á tú aṣọ egbò náà, á na ẹsẹ̀ sí mi.

"Má dijú! Èmi ń jẹ̀rora, ìwọ lò ń dijú. Ṣé kajú nìkan lo lè wò ni?"

Àwọn iwin tí a kùn lásìkò yẹn ló dára jù. Nígbà táwọn ọmọ Èkó wálé Kérésìmesì, wọ́n rí wọn lórí ògiri, wọ́n figbe ta, "Mọ́mì!" wọ́n sá. Ràímì fọwọ́ lu àyà. "Ẹsẹ̀ mi ló lé wọn yẹn."

Lọ́jọ́ kan ó mọ ère kan tí kì í ṣe iwin, ọkùnrin kan tó dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó gbé e fún mi. "Kun ojúgun rẹ̀ bí èyí tó ti jinná. Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí."

Mo kùn ún. Ó wò ó pẹ́. "Èyí ṣì ń jẹrà." Mo fọ̀ ọ́, mo tún un kùn. "Èyí ti di igi ìdáná." A jọ rẹ́rìn-ín. Ojú mi kò tíì rí irú egbò bẹ́ẹ̀ kó jinná rí, ohun tí ojú kò rí, ọwọ́ kò lè ṣe é.

Kí n tó rí i ṣe, wọ́n gbé Ràímì lọ sílé ìwòsàn ní Ìlọrin. Aṣọ rẹ̀ ló padà wálé. Wọ́n ti sin ín síbẹ̀ lọ́jọ́ tó kú gan-an, bí ẹ̀sìn wọn ṣe wí. Ìyá àgbà kò sun ìkòkò lọ́dún náà.

Òun náà ti lọ. Ike ti gba ipò ìkòkò ládùúgbò yẹn, iwin inú fóònù ọmọ ọmọ mi sì ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn. Èmi kò dáwọ́ dúró. Pẹpẹ kan kún nínú yàrá mi, iwin ni gbogbo wọn, gbogbo wọn ló ń jẹrà. Àfi ère ọkùnrin tí Ràímì mọ yẹn, tó dúró láàárín wọn, efun lásán lójúgun títí di ọdún yìí.

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, Tóbi, ọmọ ọmọ mi, jábọ́ lórí ọ̀kadà lọ́nà Àràndún, ojúgun rẹ̀ sì bó. Mo ní èmi ni màá máa wẹ egbò náà láràárọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ìjẹrà ń ti àárín jáde, ṣùgbọ́n láti etí ni ìwòsàn ti ń wọlé: awọ tuntun kan, tó tínrín, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ń rọra rìn bọ̀ lórí pupa.

"Bàbá àgbà, ẹ ti ń wo ẹsẹ̀ mi jù!"

"Jẹ́ kí n wò ó, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá a."

Lánàá ni mo parí ère Ràímì. Osùn ló wà nísàlẹ̀, omi efun fẹ́ẹ́rẹ́ wà lókè, láti etí wọlé, títí etí méjèèjì fi pàdé. N kò fi èédú kàn án. N kò fi oje kajú pa á. Ó ti gbẹ. Ó ti jinná.