Níbo Ni Wọ́n Ń Gbé Ọ̀rá Wa Lọ?

Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn kan ní Òkè-Ṣopẹn, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yìnkùlé la ti ń sun gbogbo ìdọ̀tí wa. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò, òwú tó ti mu ẹ̀jẹ̀, ìbọ̀wọ́, inú kòtò kan la ń kó wọn sí, a ó da kẹrosíìnì lé e, a ó ṣáná sí i. Èéfín rẹ̀ a máa rùn bíi táyà tó ń jóná. Ẹ̀yìn ògiri wa ni màmá kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kó tó fẹ̀yìn tì ń gbé. Lọ́jọ́ kan, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó fi etí gèlè bo imú.

"Mátírọ́ọ̀nù, ikọ́ tí ẹ fún mi lóògùn rẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹ̀yin náà lẹ kó o ràn mí. Ṣé kí n máa wá gba òmíràn ni?"



Nítorí náà, inú mi dùn nígbà tí dókítà wa ní a ò ní sun nǹkan mọ́. Wọ́n ti gbé sólà sórí òrùlé wa nígbà náà, fìríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gbójú lé jẹnẹrétọ̀ mọ́. Ó ní ìdọ̀tí ló kù. Ilé iṣẹ́ kan yóò máa fi ọkọ̀ wá kó o lọ sí Abẹ́òkúta, wọn yóò fi ooru omi gbígbóná pa kòkòrò inú rẹ̀, láìsí èéfín rárá. Wọ́n fún wa ní ọ̀rá yẹ́lò tó nípọn láti máa kó o sí.

Táyà ọkọ̀ wọn ló kọ́kọ́ mú mi fura. Awakọ̀ náà jẹ́ ẹlẹ́rìn-ín, ó mọ èèyàn kí, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kí n sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ní tààrà lòun ń ti Abẹ́òkúta bọ̀, síbẹ̀ ẹrẹ̀ dúdú ló máa ń lẹ̀ mọ́ táyà rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni tiwa níbí. Ìwópìn, ní etí ọ̀sà, ni mo ti ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé mi wá, mo sì mọ ẹrẹ̀ etí omi bí mo bá rí i.

"Ṣé ọ̀nà etí omi lẹ gbà ni?"

"Rárá o, Màmá. Òjò ló rọ̀ lọ́nà."

Inú ọ̀gbẹlẹ̀ la wà. Mo sọ fún dókítà, ó rẹ́rìn-ín. "Mátírọ́ọ̀nù, ìfura yín ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mí dáadáa díẹ̀."

Lóòótọ́, a ń mí dáadáa. Màmá ẹ̀yìn ògiri ti ń sá aṣọ síta, ó tilẹ̀ gbé ọsàn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ náà kò wọ̀ mí lára. Èéfín ti kúrò lẹ́yìnkùlé tiwa. Ẹ̀yìnkùlé ta ni ìdọ̀tí náà wá lọ? Mo mú ìró ankara mi kan tó ti gbó, aláwọ̀ ewé tó ní àwòrán ẹyẹ funfun, mo fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni mo sì ń fi di ẹnu ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Àwọn nọ́ọ̀sì mi rò pé mo ń ṣe ọ̀ṣọ́ ni.

Kò pẹ́ sí i, ara ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìwópìn kò yá, mo wakọ̀ lọ kí i. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo dúró ra ẹja yíyan lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bó ṣe ń tú okùn ẹnu apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni mo rí ẹyẹ funfun lára okùn náà. Ankara mi ni.

"Ìyàwó, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí aṣọ yìí?"

"Nínú igbó ẹ̀yìn abúlé wa ni, Màmá. Ọkọ̀ kan ló ń wá da ọ̀rá síbẹ̀. Ọ̀rá gidi ni. Àwọn kan ń tú nǹkan inú ẹ̀ dànù, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi kó ẹja."

"Ẹja?"

"Ẹja ni. Ṣé ó burú ni?"

Mo ní kó mú mi débẹ̀. Ọ̀rá yẹ́lò kún àárín koríko, omi ń sun lábẹ́ wọn, abẹ́rẹ́ sì ń kọ mànà nínú ẹrẹ̀. Obìnrin náà fẹ́ fi sílípáàsì ẹsẹ̀ rẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Mo fà á lápá.

"Ẹ má tẹ ibẹ̀!"

"Ọkọ mi ti tẹ nǹkan níbẹ̀," ó ní. "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wú."

Mo fi fóònù ya àwòrán gbogbo rẹ̀, mo sì gbé ọkọ obìnrin náà sínú ọkọ̀ mi. Ní Òkè-Ṣopẹn, a fọ ojú egbò náà, a gún un lábẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó kàn bi mí pé, "Màmá, ẹ̀jẹ̀ ta ló wà lẹ́nu abẹ́rẹ́ yẹn?" Ọlọ́run ṣàánú wa, àyẹ̀wò náà mọ́, èyí tí a tún ṣe lẹ́yìn oṣù díẹ̀ náà mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì jinná.

Nígbà tí awakọ̀ náà tún dé, mo bi í pé báwo ni Abẹ́òkúta.

"Ó wà pa, Màmá."

Mo na ankara ẹlẹ́yẹ tí mo gbà lọ́wọ́ obìnrin ẹlẹ́ja náà sí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀gá mi ló ní kí n máa dà á síbẹ̀," ó ní. "Wọ́n ní Abẹ́òkúta jìnnà."

Mo gbé àwòrán náà lọ sí káńsù fúnra mi, n kò fi rán dókítà. Wọ́n lé ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì mú kí ilé iṣẹ́ náà wá palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú igbó yẹn. Dókítà búra pé òun ò mọ nǹkan kan. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó rín lọ́jọ́ náà, n kò tíì mọ ibi tí mo lè fi í sí.

Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ń kó o báyìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, mo jókòó síwájú ọkọ̀ wọn, mo bá wọn dé ibi tí wọ́n ń lọ. Mo rí ẹ̀rọ tó ń fi ooru pa kòkòrò náà, ó tóbi bí yàrá, ooru ń pariwo nínú rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní kí n bọ́ sí ọ́fíìsì kí n wá mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, pé ọ̀rá wa yóò pẹ́ díẹ̀ nínú ẹ̀rọ.

Mo ní kó bá mi gbé àga wá síbi ẹ̀rọ náà.