Ìsinmi Wà Láàrin Àwo Méjì

"Láti àárín lọ sí etí ni o. Má máa yí i po bí ẹni tó ń fọ abọ́."

Ohun tí bàbá mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìgándò, mo ń nu àwo fíìmù. Wọ́n ń lọ sí Ìkòtún lọ ra lẹ́ńsì, ìyẹn ojú tí ẹ̀rọ fi ń ka àwo. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ lánàá." Wọ́n ti bọ́ sí títì.

Wọ́n ra lẹ́ńsì náà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni tó tà á fún wọn, wọ́n ní kó jẹ́ kí àwọn sinmi díẹ̀. Wọn ò dìde mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, lẹ́ńsì náà ṣì wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ wọn.

Abdulganiyy Sàlàkọ́ lorúkọ wọn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ṣá. Bàbá Síídì ni gbogbo àdúgbò mọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn ń wá yá fíìmù lọ wò nílé, wọ́n á dá a padà lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, fíìmù dé orí fóònù, kò sẹ́ni tó ń yá nǹkan kan mọ́. Bàbá mi ò palẹ̀ mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀rọ ṣe. Àmọ́ àwọn àwo wọn ṣì wà lára ògiri láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n tò wọ́n bí ìwé.

VCD ni wọ́n fẹ́ràn. Fún ẹni tí kò bá a láyé: VCD ni àwo tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa. Wákàtí kan àti díẹ̀ ló ń gbà, nítorí náà àwo méjì ni fíìmù kan máa ń jẹ́. DVD dé lẹ́yìn rẹ̀, ó gba odidi fíìmù sínú àwo kan ṣoṣo. Bulúréè ló tẹ̀ lé e, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ bí omi òjò.

Tí àwo kìíní bá tán nílé wa, bàbá mi ò ní fi èkejì sí i. Wọ́n á dìde. Wọ́n á ní, "Ìsinmi." Ẹni tó fẹ́ kírun á lọ kírun. Ẹni tó fẹ́ tọ̀ á lọ tọ̀. Màmá mi á gbé omi kaná. Àwa tó kù á máa jiyàn: ta ló pa olówó yẹn? Àwọn ará ilé kejì á gba ojú fèrèsé dá sí i. Bàbá mi mọ̀ ọ́n, wọ́n ti wò ó nígbà mẹ́wàá. Wọn ò ní sọ. Wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Fíìmù tí kò ní ìsinmi," wọ́n á ní, "ó dà bí kéèyàn máa jẹ ẹ̀bà láìmumi."

Bàbá Tósìn ló máa ń bá wọn jà sí ọ̀rọ̀ yìí. Julius lorúkọ tiwọn, ayálégbé tó wà lókè wa ni, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Ìkẹjà. Ní Sátidé kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ Bulúréè sọ̀ kalẹ̀. Àbúrò wọn ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, tòun ti àwo kan.

"Bàbá Síídì, ẹ wá wo ayé tuntun."

"Ayé kan náà la jọ wà, Julius. Gbé e kalẹ̀ ká wò ó."

A so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òyìnbó kan yọjú. Bàbá mi sún mọ́ ọn. Wọ́n tún sún mọ́ ọn.

"Mo lè ka irun imú ọkùnrin yìí," wọ́n wí.

"Ẹ rí i àbí?"

"Mo rí i. Kí ni mo fẹ́ fi irun imú rẹ̀ ṣe?" Wọ́n jókòó padà. "Gbọ́, Julius. Nínú fíìmù tiwa, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n máa ń lẹ owú mọ́ lágbọ̀n, wọ́n á ní bàbá arúgbó ni. Lórí VCD, bàbá arúgbó ni lóòótọ́. Lórí DVD, o máa rí owú. Lórí ẹ̀rọ tìẹ yìí, o máa rí gọ́ọ̀mù. VCD ń boni láṣìírí, jàre."

"Ẹ̀yin ṣá fẹ́ràn òkùnkùn."

"Àánú ni mo fẹ́ràn." Wọ́n yíjú sí mi. "Mùíz, ìwọ náà gbọ́. Ìkọ̀wé ni gbogbo ẹ̀. VCD kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. DVD kọ ọ́ bíi ti tíṣà. Bulúréè kọ ọ́ wínníwínní bíi ti dókítà, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ fi gba inú rẹ̀. Tí ìdọ̀tí bá kán sí i ńkọ́? Lẹ́tà mélòó ló máa bò mọ́lẹ̀?"

"Wọ́n fi nǹkan kan mú ẹ̀yìn rẹ̀ le," Bàbá Tósìn fèsì. "Kì í tètè ha."

"Ẹni tó ń wọ aṣọ irin, ó mọ̀ pé ara òun ò le."

Bàbá mi wá mú VCD kan, wọ́n tì í bọ ẹ̀rọ Bulúréè lẹ́nu. Ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó pọ̀ ọ́ jáde.

"Ó kọ bàbá bàbá rẹ̀," wọ́n wí. "Ayé tuntun."

Bàbá Tósìn náà mú àwo Bulúréè, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ àtijọ́ tiwa. Ó yí, ó yí, ó ń kùn. Ó kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé kò sí àwo.

"Tiyín náà ò mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Àwo wà lẹ́nu ẹ̀, ó ní kò sí àwo."

Màmá mi pariwo láti ilé ìdáná: "Ìdílé yẹn ti dàrú. Ẹ wá jẹun."

Lẹ́yìn fídáù ọjọ́ kẹjọ, màmá mi ní ohun kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́. Àwọn fẹ́ gbọ́ ohùn ọkọ àwọn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ọjọ́ ogójì tó pé. Kò sí i lórí fóònù kankan. Ibi kan ṣoṣo tó wà ni VCD ìsọmọlórúkọ mi. Àwo méjì ni. Bàbá mi ló sọ fún oníkámẹ́rà pé kó gé e kí wọ́n tó dárúkọ, kí àwọn èèyàn lè sinmi. Nítorí náà àwo kejì ni ohùn wọn wà.

Ẹ̀rọ tiwa ò ka nǹkan kan mọ́. Torí ẹ̀ ni bàbá mi ṣe lọ sí Ìkòtún. Bàbá Tósìn gbé Bulúréè wọn wá. Ó tún pọ̀ ọ́ jáde. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ DVD ilé kejì gbà á, àmọ́ ó dúró gbagidi nígbà tí bàbá mi fẹ́ la ẹnu.

Inú bí mi. Mo mú aṣọ, mo nù ún. Mo yí i po, mo yí i po, bí ẹni tó ń fọ abọ́. Nígbà tí mo dá a padà, kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́.

Ìgbà yẹn ni mo rántí. Ọ̀nà róbótó ni lẹ́ńsì ń tọ̀ lára àwo. Tí aṣọ bá ha àwo ní ìlà tó yí po, ọ̀nà yẹn ló bà jẹ́. Ìlà tó bá dábùú rẹ̀, lẹ́ńsì lè fò ó kọjá bí ẹni fo gọ́tà. Bàbá mi ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí Ìkòtún. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi lọ́dún tó kọjá.

Mi ò dá pààrọ̀ lẹ́ńsì rí. Bàbá mi ló máa ń di ẹ̀rọ mú, èmi á tú nọ́ọ̀tì. Ní ọjọ́ kọkàndínlógójì, mo tú nọ́ọ̀tì, mo tún di ẹ̀rọ mú fúnra mi. Mo yọ lẹ́ńsì inú ọ̀rá. Mo dè é. Mo fi ìpara ìfọyín díẹ̀ pa àwo, mo nù ún: láti àárín lọ sí etí, láti àárín lọ sí etí. Ó tó wákàtí kan.

Màmá mi jókòó. Mo tan ẹ̀rọ. Ó kùn, ó yí, àwòrán dé.

Bàbá mi tín-ín-rín. Fìlà wọn wọ́. Wọ́n gba ẹ̀rọ ìgbóhùn lọ́wọ́ ààfáà, wọ́n ní:

"Orúkọ ọmọ mi ni Mùíz. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ orúkọ kejì, kó dúró di ẹ̀yìn oúnjẹ."

Gbogbo èèyàn inú àwo bú sẹ́rìn-ín. Àwòrán dúró gbagidi níbẹ̀, ẹnu bàbá mi ṣì là sílẹ̀.

Mo wo màmá mi. Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Wọ́n dìde.

"Ìsinmi," wọ́n wí. "Jẹ́ kí n lọ kírun, kí n gbé omi kaná. Kí n tó dé, kó ti ṣe tán."

Mo mọ orúkọ kejì yẹn o. Ó wà lára káàdì ìdánimọ̀ mi. Ẹnu bàbá mi ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ.

Mo yọ àwo. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Mo mú aṣọ. Láti àárín lọ sí etí.