Tàńtí Ṣàkírátù Kì í Jókòó Jẹun

“Tàńtí, kí ló dé tí ẹ kì í jókòó jẹun?”

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti gbé ìbéèrè yìí mì kí n tó lè sọ ọ́ síta. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ojú sì máa ń tì mí débi pé bí olùkọ́ bá pe orúkọ mi, orí ni mo fi ń dáhùn. Tàńtí Ṣàkírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, àwo ẹ̀wà wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ó ń fi ọ̀tún jẹun, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá àjákù aṣọ jọ. Ó wò mí. Ó gbé ẹ̀wà ẹnu rẹ̀ mì.

“Sandra, na abẹ́rẹ́ yẹn sí mi,” ló wí.

Ohun tí mo rí gbà nìyẹn.

Ilé Ìyá àgbà mi ní Kétu ló ń gbé. Abúlé Odomèta ló ti wá kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ Màdáàmù Aurore. Ìyá àgbà fún un ní yàrá kan, òun náà sì ń bá wa ṣiṣẹ́ ilé, nítorí orúnkún Ìyá àgbà ti kọ iṣẹ́.

Mi ò tíì rí ẹni tó mọ àkókò lò bíi tirẹ̀. Kí ó tó lọ wẹ̀ láàárọ̀, yóò ti rẹ aṣọ sínú omi ọṣẹ. Nígbà tó bá fi wẹ̀ tán, ìdọ̀tí ti rọ̀. Ẹ̀wà tó ti rẹ sómi láti àná, yóò jẹ́ kó hó fún ìgbà díẹ̀, yóò gbé e kúrò lórí iná tòun ti ìdérí, yóò fi ògbólógbòó aṣọ wé ìkòkò náà, yóò sì gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Tí a bá fi dé ní ọ̀sán, ẹ̀wà ti jinná fúnra rẹ̀, èédú ò sì tán. Yóò ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà máa wá ojú abẹ́rẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá wọra. Ata ọjọ́ mẹ́rin ló ń lọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dín in kí ó má baà kan.

“Jẹ́ kí iṣẹ́ kan máa ṣe ara rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ bá wà lára òmíràn,” ló máa ń sọ fún mi.

Ṣùgbọ́n àkókò tó rí fi pamọ́ bẹ́ẹ̀, mi ò rí i kó fi sinmi. Bí iṣẹ́ bá tán, yóò wá òmíràn. Yóò tún àgbàlá tí mo ti gbá gbá.

“Ọmọ yìí, ṣé ìjàlọ wà lórí àpótí mi ni?” Ìyá àgbà a bi í.

“Ìyá, mò ń bọ̀ wá jókòó.”

Kì í wá.

Lọ́dún kẹrin rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ ṣe ìdánwò àwọn aránṣọ. Ó gbálẹ̀, ó pọnmi, ó dáná kí ó tó kúrò nílé. Nígbà tó fi dé ibẹ̀, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Màdáàmù Aurore sọ fún un pé bí ó bá tún pẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún méjì sí i ni yóò lò kí òun tó ṣe líbérásíọ̀n fún un, ìyẹn ayẹyẹ tí ọ̀gá fi ń tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò kejì gan-an ni òjò àkọ́rọ̀ yàn.

Lórí ilẹ̀ gíga wa yìí, omi ilẹ̀ jìnnà. Inú sítẹ́ẹ̀nì, ihò ńlá tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, ni omi òjò ń gba orí òrùlé àti ọ̀pá wọ̀. Ṣùgbọ́n òjò àkọ́rọ̀ ò ṣeé kánjú gbà. Eruku pupa ọyẹ́ àti ìgbẹ́ aláǹgbá ló ń fọ̀ wálẹ̀. A ní láti yí ọ̀pá omi síta títí òrùlé yóò fi mọ́, kí a tó yí i padà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo omi inú sítẹ́ẹ̀nì bàjẹ́ nìyẹn.

Barnabé onísẹ́mì, ọlọ́kadà tí yóò gbé Tàńtí lọ, ti dé, alùpùpù rẹ̀ ń dún níta. Tàńtí ti gbé àpò kọ́ èjìká, àlùmọ́gàjí wà nínú rẹ̀. Ẹ̀kán òjò bọ́ sórí páànù. Ó gbé àpò sílẹ̀.

“Ṣàkírátù, máa lọ!” Ìyá àgbà pariwo.

“Ìyá, ta ni yóò ṣọ́ ọ̀pá?”

“Èmi yóò ṣọ́ ọ.”

“Pẹ̀lú orúnkún wo?”

“Tàńtí,” ni Barnabé wí, “ṣé òjò ni wọ́n ní kí ẹ wá rán lónìí? Ẹ gùn ún jàre, kí n má rẹ sómi bí ẹ̀gẹ́!”

Tàńtí lọ síwájú, ó padà. Ó di ọ̀pá mú, ó yí i síta, ó fi í sílẹ̀, ó tún dì í mú.

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. “Ẹ fún mi.”

Ó wò mí bí ẹni pé àpótí ló sọ̀rọ̀. Ó sáré wọlé, ó gbé abọ́ funfun kan jáde. Wọ́n ya òdòdó pupa sí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀.

“Gba omi sínú rẹ̀. Tí o ò bá rí gbogbo ewé òdòdó yìí, dà á nù, kí o gba òmíràn. Ìgbà tí o bá rí i bí ẹni pé kò sí omi níbẹ̀, nígbà náà ni kí o yí ọ̀pá padà sínú sítẹ́ẹ̀nì. Sandra, ẹnikẹ́ni tó bá pariwo, má yí i.”

Ó lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló bojú wẹ̀yìn.

Abọ́ kìíní pupa bí epo. Nígbà tó di ìkẹrin, Ìyá àgbà ké: “Yí i, ọmọ yìí! Omi Ọlọ́run ń ṣòfò!”

Wọn ò kọ́ mi láti gbó àgbà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ewé òdòdó kan ṣì ṣókùnkùn. “Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá àgbà, ó ku díẹ̀,” ni mo wí, omijé sì ń bá òjò ṣàn lójú mi. Ní abọ́ kẹjọ, mo rí gbogbo rẹ̀. Mo yí ọ̀pá.

Nígbà tí Tàńtí padà nírọ̀lẹ́, kò kí ẹnikẹ́ni. Ìdí sítẹ́ẹ̀nì ló kọ́kọ́ lọ. Ó fa omi, ó dà á sínú abọ́, ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó sọ pé: “Mo dé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.”

Ó yege. Màdáàmù Aurore tú u sílẹ̀. Ó ti ní ẹ̀rọ mẹ́ta àti ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin báyìí, gbogbo wọn ló sì mọ bí a ṣe ń wé ìkòkò ẹ̀wà. Yàrá rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa, orí ìdúró ló sì ń jẹun síbẹ̀. Èmi ń múra fún ìdánwò bákì, èyí tí a fi ń parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Mi ò tún bi í ní ìbéèrè yẹn mọ́.

Ọ̀sán ni òjò àkọ́rọ̀ ọdún yìí bá wa. Mo gbé abọ́ kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Tàńtí bu ẹ̀wà, ó yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó wo ọ̀pá, ó wò mí. Mo ń da abọ́ kẹta nù nígbà tí mo gbọ́ tí àpótí Ìyá àgbà dún lẹ́yìn mi. Tàńtí ti jókòó.

“O bi mí ní nǹkan kan nígbà kan,” ló wí.

Mi ò yíjú padà. Òdòdó ni mò ń wò.

“Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, ní Odomèta. Ìyá mi ní kí n lọ yí ọ̀pá síta. Ebi ń pa mí, mo kọ́kọ́ jókòó jẹ ẹ̀bà. Gbogbo ìdọ̀tí òrùlé ya wọ sítẹ́ẹ̀nì wa. Ìyá mi ò nà mí. Ó gbọ́n omi náà dànù, garawa kan lẹ́yìn òmíràn, tòun ti oyún oṣù méje, ó sì ń rìn lọ pọnmi lọ́nà jíjìn títí òjò ńlá fi dé. Ọmọ inú rẹ̀ ò yè. Kò sẹ́ni tó sọ pé èmi ni mo fà á. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti jókòó ti oúnjẹ, etí mi á máa gbọ́ omi tó ń ṣàn wọ ibi tí kò yẹ. Mò ń gbọ́ ọ báyìí náà. Ṣùgbọ́n ìwọ lo wà nídìí ọ̀pá. Tí o bá yí i tán, wá bu ẹ̀wà sí i fún mi.”