Àgò Irin Tí A Gbé Kọ́ Fún Àlejò

Wọ́n fún ilé iṣẹ́ wa ní àsíá ààbò, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà gba ọwọ́ ìyá kan, wọ́n sì ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé pé ilé ara rẹ̀ ló ti ṣèṣe. Mo kọ ọ́. Ohun tí mo kọ yẹn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, kò sì sí ẹni tó pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú rẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì ni, mo ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tuntun lọ́jọ́ ọdún. Ilé tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ ni, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Tẹ̀dé lọ sí Òfìkì. Kí o tó rí ilé náà ni òórùn gbodo ti máa pàdé rẹ lọ́nà, iṣu tí wọ́n ti bọ̀ lómi gbóná, tí wọ́n sì sá títí tó fi le bí òkúta. Eruku rẹ̀ máa ń bo ìpéǹpéjú àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí gbogbo wọn á fi dà bí arúgbó kí ọ̀sán tó pọ́n. Máníjà kan ló wà lórí wa, èmi sì ni akọ̀wé. “Akọ̀wé” ni gbogbo wọn ń pè mí, ó sì ń dùn mọ́ mi létí ju orúkọ tí bàbá mi sọ mí lọ.

Ìyá kan wà tó máa ń da gbodo sẹ́nu ẹ̀rọ. Opó ni. Ó ti wà nídìí ẹ̀rọ náà kí máníjà alára tó dé, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Ìyá Ìdí-ẹ̀rọ. Bẹ́líìtì kan ló ń fa ẹ̀rọ náà, rọ́bà gbọọrọ tó ń sáré yí àgbá irin méjì po. Ó ti gbó. Bó bá ti ń yọ̀, Ìyá Ìdí-ẹ̀rọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń bu eérú gbígbẹ sí i kó lè di irin mú. Kì í wojú rẹ̀ tó bá ń ju eérú náà. Bí ẹni ń ju àgbàdo sí adìyẹ ló máa ń ṣe é, tí á sì máa bá wa ṣàwàdà lọ.

Ọdún kejì tí mo débẹ̀ ni ètò ìjọba dé. Ètò ìfọwọ́sowọ́pọ̀ lórí ààbò àti ìlera òṣìṣẹ́ ni wọ́n pè é. Tẹ́lẹ̀ rí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá fẹ́ yẹ ilé iṣẹ́ wò lè yọ síbẹ̀ nígbàkúùgbà. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó bá wọ inú ètò yìí, tó fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò máa bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ òun fúnra òun, ìjọba yóò fún un ní ohun èlò ààbò, yóò fún un ní àsíá aláwọ̀ ewé tí yóò máa fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì ní yọ sí i lójijì mọ́. Wọn yóò kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó wá. Ọ̀gá tí ìjọba rán sí wa kó gbogbo wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń fi áńkáṣíìfù gbọn eruku kúrò lára agbádá funfun rẹ̀.

“A ò wá bí ọlọ́pàá o,” ó ní. “Ọ̀rẹ́ la wá bá yín ṣe. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.”

Ìyá Ìdí-ẹ̀rọ dìde. “Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ọ̀rẹ́ ta lẹ wá ṣe? Tiwa ni àbí ti máníjà?”

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà ní, “Ti gbogbo yín ni, ìyá.”

“Háà! Ọ̀rẹ́ ológbò, ọ̀rẹ́ eku. Kí Ọlọ́run jẹ́ kó kalẹ́.”

Fọ́ọ̀mù wọn ń fẹ́ ìbuwọ́lù mẹ́ta: ti ìjọba, ti máníjà, àti ti aṣojú àwọn òṣìṣẹ́. Máníjà na bírò sí mi. Kò sí ẹnì kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn tó yàn mí ṣe aṣojú, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n. Mo buwọ́ lù ú, mo tún fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀ kó lè dùn ún wò. Ọmọ yunifásítì!

Ìbọ̀wọ́ àti ìbomú ni wọ́n kọ́kọ́ kó dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ohun irin kan wá tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn. Ó rí bí àgò tí à ń dé mọ́ adìyẹ, nítorí náà “àgò” làwọn ìyá sọ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bo bẹ́líìtì, kí ọwọ́ tàbí aṣọ má baà kó sí i.

Ẹ fi sùúrù gbọ́ mi níbí yìí, torí kì í ṣe máníjà nìkan lẹ̀bi rẹ̀ já lé. Ẹni tó bá dàgbà nílé wa ní Òkè-Ògùn mọ àwo tánńganran tí ìyá rẹ̀ kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ ilé kò jẹun nínú rẹ̀ rí. Àlejò ló ni ín. Bí àlejò bá ti lọ, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á nù ún, wọ́n á dá a padà, àwa á sì padà sídìí abọ́ wa tó ti bó. Ohun tó bá ti dára, ti àlejò ni: bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí àgò dé tí bẹ́líìtì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, kò sì sí bí ọwọ́ ṣe lè ju eérú gba inú àgò kọjá. Àwọn ìyá fúnra wọn ló ní ká tú u. “Ohun ìjọba ni, ẹ má jẹ́ kí eruku bà á jẹ́.” Máníjà ní ká gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì. A kó ìbọ̀wọ́ àti ìbomú sínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ni. Láràárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni mo máa ń fi àkísà nu àgò náà kó lè dán.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n pín ẹ̀bi náà bó ṣe tọ́. Àwọn ìyá kò mọ ohun tó wà nínú ìwé tí a buwọ́ lù. Máníjà mọ̀, èmi náà mọ̀. Ìwé náà sọ pé ẹ̀rọ kò gbọ́dọ̀ yí láìsí àgò lórí bẹ́líìtì. Máníjà tún mọ̀ pé bẹ́líìtì tuntun kì í gba eérú. Kò pààrọ̀ rẹ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ wá yẹ̀ wá wò, wọ́n á pe máníjà ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n á dé ní Ọjọ́bọ. A ó sọ àgò kalẹ̀, a ó dè é mọ́ ẹ̀rọ, èmi ó sì ṣí àpótí. Àwọn ìyá á wá máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ wo ìbomú lẹ́nu ìyá yìí, bí ewúrẹ́ tí wọ́n dì lẹ́nu kó má baà jẹ gbodo!”

“Ìwọ lewúrẹ́. Ìyàwó tuntun ni tèmi, mi ò tíì fẹ́ kí ọkọ rí ẹnu mi ni.”

Ọ̀gá á yí ilé ká, á wo àgò, á wo rẹ́jísítà, ìwé tí mo ń kọ ìjàǹbá sí, á gba èlùbọ́ tí a dì fún un, á lọ. Kí mọ́tò rẹ̀ tó dé orí títì, a ti ń tú àgò. Kò bá obìnrin kankan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ abẹ́ igi máńgòrò yẹn. Mo sì sọ ọ́ níhìn-ín pé ó mọ̀. Odidi ọdún kan kọjá, ọ̀dà ara àgò náà kò họ. Irin wo ló ń gbé lára ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́ tí ọ̀dà rẹ̀ kò ní họ?

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá Ìdí-ẹ̀rọ wọ súwẹ́tà ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá, apá rẹ̀ gùn kọjá ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì ń yọ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà òtútù. Ìyá bu eérú. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “Ọyẹ́ ọdún yìí mà ya aláìlójútì o, ó ń wọ abẹ́ aṣọ opó—” Kò parí rẹ̀. Bẹ́líìtì ti gba apá súwẹ́tà mọ́ ọn lọ́wọ́. Òun kọ́ ló ké, àwọn yòókù ló ké. Nígbà tí wọ́n fi pa ẹ̀rọ, mo sáré wọ ọ́fíìsì láti wá ohun tí a lè fi di ọwọ́ náà, mo sì rí àgò lára ògiri. Ó ń dán. Ọjọ́ Ajé ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nù ún tán ni.

Ní ilé ìwòsàn kan ní Ṣakí ni wọ́n ti gé ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń bọ̀ wá sọ àsíá wa dọ̀tun. Máníjà pe ọ̀gá náà lórí fóònù níwájú mi, mo sì gbọ́ èsì ọ̀gá kedere: “Ẹ tún rẹ́jísítà yẹn wò dáadáa kí n tó dé.” Máníjà gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí mi.

“Akọ̀wé, ìwọ lo kàwé. Tó o bá kọ ẹ̀rọ síbẹ̀, wọ́n á sọ àsíá kalẹ̀, wọ́n á ti ibí pa, ebi á sì pa gbogbo àwọn ìyá yìí. Ṣé ohun tó o fẹ́ nìyẹn?”

Mo kọ ọ́ pé: “Òṣìṣẹ́ kan fi àáké ṣèṣe nílé rẹ̀ níbi tó ti ń la igi. Kò kan ilé iṣẹ́.” Mo buwọ́ lù ú bí aṣojú òṣìṣẹ́, mo tún un kà, mo sì rí i pé ó mọ́, ó sì ṣe ṣókí. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ọdún mẹ́rin kọ́ mi nìyẹn. Ní Ọjọ́bọ, ọ̀gá náà kà á, ó buwọ́ lù ú, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé kò sí ìjàǹbá kankan. Kò béèrè ibi tí Ìyá Ìdí-ẹ̀rọ wà. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa rí ẹni tó jìn sí kòtò, a sì fi ewé bo kòtò náà.

Mo lọ kí ìyá náà nílé. Ó jókòó sórí àga kékeré lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo apá rẹ̀. Ó jẹ́ kí n kí i tán.

“Wọ́n ní o kọ ǹkan nípa mi. Kà á kí n gbọ́.”

Mo kà á.

“Igi?” ó ní. “Èmi tí mo bí ọkùnrin mẹ́ta, tí gbogbo wọn wà nílé, èmi ni mo ń la igi?” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì wo apá rẹ̀. “Ọ̀gá yẹn mà sọ òótọ́ o. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Mo ti gbìyànjú ẹ̀ wò láàárọ̀ yìí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Ó dá mi dúró.

“Mi ò ní kó o bẹ̀ mí, Akọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin ló ń lọ gba ipò mi lọ́la. Tí kì í bá ṣe ẹ̀rọ ló mú mi, kí ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ dé àgò mọ́ ọn? Lọ kọ ọ́ bó ṣe rí.”

Ọjọ́ kejì ni mo béèrè rẹ́jísítà láti tún un kọ. Máníjà ti tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Mo kọ lẹ́tà sí ìjọba lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fèsì ẹyọ kan: wọ́n ní ètò àtinúwá ni ètò náà, kì í ṣe túláàsì, àti pé aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ ti fọwọ́ sí i pé kò sí ìjàǹbá. Èmi ni aṣojú náà. Igi tí mo fọwọ́ ara mi gé ni wọ́n fi nà mí.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe ní Ṣakí báyìí. Bí mo bá ń lọ sílé, iwájú ibẹ̀ ni mo ń gbà. Oòrùn ti pa àsíá náà dà, kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé mọ́, síbẹ̀ ó ń fẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Ìyá Ìdí-ẹ̀rọ wà níbi tí ìyá rẹ̀ máa ń dúró sí. Ó bu eérú, ó jù ú sí bẹ́líìtì láì wojú rẹ̀, bí ẹni ń ju àgbàdo sí adìyẹ. Ó rí mi.

“Ẹ káàbọ̀, Akọ̀wé,” ó ní. “Àgò yín ṣì wà lókè.”

Ohun tí mo ń rò láti ọjọ́ náà ni pé irọ́ mi kò tíì tán, ojoojúmọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà mo ti sọ tèmi: ẹ̀rọ ló gba ọwọ́ ìyá yẹn, irọ́ ni mo kọ, èmi ni mo ń nu àgò. Ó ku tiyín. Máníjà, kí ló dé tí ẹ kò pààrọ̀ bẹ́líìtì, kí ló sì dé tí àgò ṣì wà lára ògiri lónìí? Ọ̀gá tí ìjọba rán wá, kí ni ọ̀dà tí kò họ yẹn sọ fún yín, kí lẹ sì ní kí wọ́n tún wò nínú rẹ́jísítà? Ẹ̀yin tí ẹ gbé ètò náà kalẹ̀, tí ẹ ní kí wọ́n máa pè kí wọ́n tó wá, ta lẹ rò pé ẹ ń dáàbò bò?

Ọ̀rẹ́ ta lẹ wá ṣe? Ìyá kan ti bi yín ní ìbéèrè yìí lábẹ́ igi máńgòrò, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì pé méjì. Ọmọ rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ báyìí. Ẹ dá a lóhùn.